Owú Tí Mo Tà Nítorí Ojú Gàníyù

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Banikanni, nílùú Parakou, máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á kí mi, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, "Bàbá Sùlé, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ṣé iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ṣì dára láti kọ́?" Wọ́n ń retí kí n yin iṣẹ́ tí mo fi àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ ṣe. N kì í yìn ín, n kì í sì í bú u. Irin kò ṣe mí níbi rí. Èèyàn ló ṣe mí níbi. Bó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó ń wá ọ̀gá lè mọ ohun tó yẹ kó fojú ara rẹ̀ wò kó tó tẹ́ ẹní rẹ̀ sílé onílé.

Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìwé kò wọ̀ mí lórí. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò ní lékọ́ọ̀lù. Bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu, mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kan, a sì gùn ún títí dé Parakou níbi tí ọ̀nà irin náà parí sí. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ Zongo, sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó jẹ́ ará ìlú wa, Bàbá Búráímọ̀. Ó tì mí síwájú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín nìyí. Ara rẹ̀ ni tiyín, eegun rẹ̀ ni tèmi." Bàbá Búráímọ̀ gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní, "Á ṣiṣẹ́." Bàbá mi jẹ iyán tán, ó bá ọkọ̀ padà. Bí mo ṣe bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá Búráímọ̀ ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó ra owú kan lọ́wọ́ wọn, ó gbé e wálé. Ẹ̀yin tí ẹ kò dé àgbẹ̀dẹ rí, owú ni irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin gbígbóná lé kó tó fi òòlù lù ú. Àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù nílùú nígbà náà, kùkùté irin ni wọ́n ń lò, tàbí àjẹkù irin tí wọ́n gé kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ti ọ̀gá wa ní ìwo méjì: ọ̀kan ṣe ṣónṣó bí ìwo màlúù, èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú rẹ̀ ń dán. Bí òòlù bá bà á, á dún gooro, àwọn obìnrin tó ń tajà lọ́ọ̀ọ́kán á sì mọ̀ pé Búráímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òfin owú yìí pọ̀. A kò gbọdọ̀ jókòó lé e. A kò gbọdọ̀ fi òòlù lu ojú rẹ̀ lásán. Èyí tó le jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu irin ní igun rẹ̀ kan, igun apá òsì tó kọjú sí ẹwìrì. Ọ̀gá ní èèwọ̀ Ògún ni. Mùsùlùmí gidi ni o, ìrun márààrún kì í yẹ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ bó bá kan igun yẹn, Ògún ló máa ń pè. Ta ni yóò bi í léèrè?

Ọdún méjì gbáko ni mo fi wà nídìí ẹwìrì tí mo ń fínná. Èédú igi ayin la ń lò, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo sì fi ń dúdú. Mo kọ́ àwọ̀ iná kí n tó fọwọ́ kan òòlù: irin tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, èyí tó pọ́n bí ọsàn, èyí tó ń funfun lọ tó fẹ́ yọ́. Ọ̀gá á kẹ̀yìn sí iná, á ní, "Sùlé, àwọ̀ wo nìyẹn?" Bí mo bá ṣì í, oúnjẹ ọ̀sán ti lọ. Kì í na ọmọ. Bí o bá ba ọkọ́ jẹ́, á jù ú padà sínú iná, á ní kí o tún un rọ. Mo rọ ọkọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ó gbé e sókè, ó wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ìwé, ó ní, "Àgbẹ̀ lè fi èyí kọ ebè." Inú mi dùn débi pé n kò rántí pé n kò tíì jẹun. Adánilóró fi agbára kọ́ni. N kò lè sọ pé n kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Gàníyù. Ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, orí ẹní kan náà la ń sùn. Kí n má purọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Èmi a máa fi agbára lu irin; òun a máa bẹ̀ ẹ́, irin náà a sì máa gbọ́ sí i lẹ́nu. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé òun ni yóò jogún àgbẹ̀dẹ. Kò bí mi nínú. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá gbòmìnira, n ó padà sí Ṣábẹ̀, n ó dá tèmi sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti lò níbẹ̀ nígbà tí aburú náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀gá ti lọ sí mọ́sálásí. Àgbẹ̀ Bàrùbá kan gbé ẹnu irin ìtúlẹ̀ wá, èyí tí màlúù ń fà, ó ní kí a bá òun tẹ etí rẹ̀ padà, òun fẹ́ tètè lọ. Gàníyù fi ẹ̀mú di irin náà mú, èmi gbé òòlù. Ibi tí a fẹ́ tẹ̀ ń fẹ́ igun tó mú, gbogbo igun owú ni iṣẹ́ sì ti jẹ roboto, àfi èyí tí wọ́n kà léèwọ̀.

Mo ní, "Gbé e síbí."

Gàníyù ní, "Sùlé, igun yẹn kọ́ o."

"Bàbá ò sí níbí. Ta ni yóò sọ fún un? Ṣé ìwọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé irin náà síbẹ̀. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Àgbẹ̀ náà ń wò wá, mo sì fẹ́ kó rí i pé mo lágbára. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan ké kà, ohun kan sì fò. Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ Gàníyù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Sùlé, kí nìyí? Sùlé, kí nìyí?" Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá dé bá wa. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò kúrò lójú mi títí dòní: ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá àfọ́kù irin tó fò náà nínú eérú, ó fi í sápò, kó tó wá gbé ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ìpayà ló fà á.

Ojú náà kò ṣeé tún ṣe. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀gá pe àwọn àgbà Ṣábẹ̀ tó wà ní Parakou jọ. Ó ní, "Sùlé jẹ èèwọ̀, Ògún sì gba ojú ọmọ mi. N kò ní lé e. N kò ní fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba. Àmọ́ láti òní lọ, ọwọ́ Sùlé ni Gàníyù yóò fi máa jẹun títí ọjọ́ alẹ́." Àwọn àgbà ní ìwà ọmọlúàbí ló hù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kó tó gbòmìnira. Èmi fi mẹ́tàlá sìn ín. Bàbá mi wá mú mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní n kò lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Àbíjáàn ránṣẹ́ pè mí, ó ní ilé iṣẹ́ kan ń wá alágbẹ̀dẹ. N kò dá a lóhùn. Báwo ni n ó ṣe lọ, nígbà tí ẹni tí mo fọ́ lójú kan kò lè fi òòlù bá irin mọ́? Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ kú, ó ní kí wọ́n gbé owú náà fún mi. Ó ní, "Máa fi bọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn.

Mo bọ́ ọ. Gàníyù kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe, kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ta kòlà díẹ̀ ní Zongo. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, àwọn ọmọ lọ sí Kùtọnu, ìyá wọn kú. Ó ń gbé ní àdúgbò Titirou. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, mo ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tí Ọlọ́run bá fi sí mi lọ́wọ́: iṣu, ìrẹsì, owó ọbẹ̀, wàràǹkásì. Mo bí ọmọ márùn-ún pẹ̀lú Ráfátù ìyàwó mi. Méjì nínú wọn kò kàwé kọjá ibi tí èmi náà kà dé, torí apá mi kò ká ilé méjì.

Iṣẹ́ náà sì ń yí padà lójú mi. Ẹwìrì awọ ewúrẹ́ lọ, a fi táyà kẹ̀kẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ irin ṣe èyí tí a ń fọwọ́ yí. Iná mànàmáná dé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ yí nǹkan mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ajórin dé, àwọn tí à ń pè ní súdẹ̀ẹ̀, wọ́n dé ojú wọn, wọ́n ń jó irin mọ́ irin ní ìṣẹ́jú kan, ohun tó ń gbà mí ní odindi àárọ̀. Ọkọ́ láti òkè òkun kún ọjà Àsẹ́kẹ́, ó fẹ́lẹ́ bí ewé, àmọ́ owó rẹ̀ kéré. Àgbẹ̀ tó ń rà á mọ̀ pé kò ní lo ọdún kan. Ó sọ fún mi lójú ara mi: "Bàbá, tiyín dára, àmọ́ ọwọ́ mi ò tó o." Kí ni n ó sọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀bẹ apẹran pọ́n, mo ń ṣe ìkọ́ ìlẹ̀kùn. Nígbà tí èjìká ọ̀tún mi kọ̀ tí kò gbé òòlù sókè mọ́, mo ti àgbẹ̀dẹ pa, mo sì ní kí wọ́n gbé owú náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Látọjọ́ tí owú yẹn ti di tèmi, mo máa ń gbé e kalẹ̀ débi pé igun tó fọ́ yẹn yóò kọjú sí ògiri. Mo fi àpò ìdọ̀họ bò ó, bí ọ̀gá ti ń ṣe látọjọ́ tó ti fọ́. Mo ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ju ogójì ọdún lọ, n kò wo ibẹ̀. N kò lè wò ó. Ẹni tó mọ irin ní àmọ̀já bí èmi, kò mọ ohun tó wà lórí owú ara rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, mo dé ilé Gàníyù lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo bá a tó ń da omi sẹ́yìn ife. Ojú kan tó kù fún un ti ń funfun. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ìpẹ́ ló bò ó, wọ́n lè ṣí i kúrò, yóò tún ríran, àmọ́ kí a má jẹ́ kó pẹ́. Ó dárúkọ iye. Gàníyù fi pórítàbù pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kùtọnu. Wọ́n ní àwọn yóò wo ọwọ́ àwọn. Oṣù méjì kọjá, wọ́n ṣì ń wo ọwọ́ wọn.

Mo ní fún Ráfátù pé n ó ta owú náà.

Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tó kù fún wa nìyẹn, Bàbá Ìdáyátù."

Mo ní, "Èmi ni mo fọ́ ti àkọ́kọ́. N kò ní jókòó kí èkejì kú lójú mi."

Mo kọ́kọ́ pe ẹnì kan tó ń ra irin àlòkù ní Zongo. Ó ti owú náà pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá, irin ni irin. Kílò ni mo ń rà." Iye tó pè kò ra àgùntàn méjì. Mo ní kó máa lọ. Ẹ fetí sí mi níbí: ẹni tó bá fi kílò díwọ̀n irinṣẹ́ rẹ, ikú irinṣẹ́ náà ló ń díwọ̀n.

Ọkùnrin ará Kétu kan wà ládùúgbò wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ irin ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Mùsé Àlàbí là ń pè é. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú àpò kékeré kan. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi owú yìí pé ta ni ìyá rẹ̀." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà yọ, nọ́ńbà sì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀: ọgọ́fà kílò ó lé. Ó ní àwọn òyìnbó kì í kọ nǹkan sára èyí tí kò dára. Ó fi òòlù kékeré kàn án láti ìwo dé ìwo, ó ń tẹ́tí. Ó ní èyí tí wọ́n da irin yíyọ́ ṣe á dún gbì, kò ní dáhùn. Tèmi dáhùn. Ó mú ọmọ irin roboto kan jáde, irú èyí tó ń wà nínú ìdí táyà mọ́tò, ó jù ú sílẹ̀ lójú owú láti ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó ta padà sókè, ó fẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ojú rẹ̀ ṣì le. Ohun tí oníkílò yẹn pè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún." Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń rí ojú Gàníyù tó ń ríran.

Ó ní kí a yí i kúrò lára ògiri. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó máa rà á yóò yí i, Bàbá." Òun àti ọmọkùnrin mi fi irin gígùn yí i. Ó ká àpò náà kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú igun yẹn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Ó gbójú sókè wò mí.

"Bàbá, ta ló fi idẹ jó igun yìí?"

Mo ní, "Idẹ kẹ̀? Kò sí idẹ níbẹ̀. Èmi ni mo fi òòlù fọ́ ọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

"Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wò ó."

Mo kúnlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wo ibẹ̀. Nínú ọgbẹ́ irin náà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, nǹkan pupa rúsúrúsú kan tẹ́ bí ọ̀dà, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì sì ti bà á ń dán bí òrùka. Idẹ ni. Èmi alágbẹ̀dẹ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé idẹ ni.

Mùsé Àlàbí ní, "Igun yìí ti fọ́ kí ẹ tó fọ́ ọ. Ẹnì kan fi idẹ lẹ̀ ẹ́ padà, ó fi ayùn irin fá a kí ojú má baà rí i. Àmọ́ idẹ kò lè gba ìlù òòlù. Ẹni yòówù tó bá lu nǹkan níbẹ̀, á ré. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ onítọ̀hún."

Ọmọ mi ló gbé mi dìde. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi idẹ jó irin ní àgbẹ̀dẹ wa nígbà náà, àfi ọ̀gá. Mo wá mọ ìdí tó fi jẹ́ pé àfọ́kù irin ló kọ́kọ́ ṣà kó tó gbé ọmọ tó bí. Idẹ wà lára rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bí irọ́ bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi gbà ju ogún ọdún lọ.

Kí ilẹ̀ tó gbóná lọ́jọ́ kejì, mo ti gun zẹ́mí, alùpùpù akérò, lọ sí Titirou. Gàníyù wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi ọwọ́ ṣa ẹ̀wà. N kò jókòó.

Mo ní, "Gàníyù, idẹ wà ní igun owú yẹn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Kò béèrè pé idẹ wo. Ìgbà náà ni mo mọ̀.

"O mọ̀?"

Ó ní, "Bàbá sọ fún mi nígbà tó ń kú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òyìnbó ló já bọ́ lórí ọmọlanke, igun rẹ̀ sì fọ́. Ojú tì í. Ó ti ná gbogbo owó rẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì ti fi í yangàn fún gbogbo ìlú. Ó lẹ̀ ẹ́, ó ní èèwọ̀ ni."

"O ti mọ̀ látìgbà yẹn. O ń wò mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń gbé iṣu wá fún ọ bí ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀jẹ̀. Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó gbé ojú rẹ̀ tó ń funfun yẹn sókè síbi tí ohùn mi ti ń wá. "Kí n sọ kí o lọ? Sùlé, ojú kan ni mo ní. N kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe. Bàbá ti kú. Ta ni yóò máa bọ́ mi?"

"Ó yẹ kí o jẹ́ kí èmi yàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó yẹ. Ẹ̀rù bà mí. Àmọ́ má gbàgbé pé mo ní igun yẹn kọ́. Ìwọ lo ní kí n gbé e síbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ohun tó jẹ́ kí ó dùn mí jù nìyẹn. Mo yí padà, mo ń lọ. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, mo ti ń dá zẹ́mí dúró.

Nígbà tí Ráfátù gbọ́, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ lórí ojú yẹn! Ẹ ti san án tán. Ìdáyátù kò ka ìwé rẹ̀ parí nítorí ojú yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kùtọnu wá." N kò bá a jiyàn. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ kọjá, n kò lọ sí Titirou. Èkejì kọjá. Mo jókòó sínú ilé, mo ń ka àwọn ohun tí mo lè jẹ́: alágbẹ̀dẹ tó lágbẹ̀dẹ tirẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ọkùnrin tó dé Àbíjáàn. Inú ń bí mi sí ọ̀gá, ọ̀gá sì ti jẹrà. Ẹni tí à bá bá jà kò sí mọ́, èyí tó kù ń lọ fọ́jú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan tí Mùsé Àlàbí rán wá wo owú náà. Sábì lorúkọ rẹ̀, Bàrùbá tó ń ṣe àgbẹ̀dẹ lọ́nà Nikki, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ṣì kù. Ó lù ú, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Ó ń fẹ́ san iye tí Mùsé Àlàbí pè láìdín kan. Ráfátù ń wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Igun yẹn ṣì kọjú sí ògiri. A ti dá a padà.

Mo ní, "Dúró. Bá mi yí i."

Mo fi idẹ náà hàn án. Mo ní, "Ibí yìí fọ́. Ó ti fọ́ ojú èèyàn rí. Bí o bá rà á, rẹ́ igun náà kúrò pátápátá, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń bá ọ ṣiṣẹ́. Má pè é léèwọ̀." Sábì fọwọ́ tọ́ ọgbẹ́ náà, ó ronú, ó sì yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú iye rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ráfátù wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Sábì àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé owú náà sínú ọkọ̀. N kò sin wọ́n dé ìta.

Owó náà tó fún ojú kan, ó ṣẹ́kù díẹ̀. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gun zẹ́mí lọ sí Titirou. Bá a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo ti sunkún tó. Gàníyù gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó dìde.

Mo ní, "Wọ bàtà rẹ. À ń lọ sí ilé ìwòsàn."

Ó ní, "Sùlé, ṣé o ti dárí jì mí ni?"

Mo ní, "Rárá. Wọ bàtà rẹ."

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí mo san án, n kò ní èsì tó dára fún yín. Kì í ṣe ìfẹ́. Kì í ṣe ìbẹ̀rù Ògún, kì í sì ṣe ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún ọ̀gá. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n fi irọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Bóyá nítorí pé mo rí ojú àkọ́kọ́ nígbà tó ń lọ ni, n kò sì fẹ́ rí ìkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín. Àmọ́ bí ọ̀gá bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan ibì kan, ẹ béèrè ìdí. Bí wọ́n bá sì ní ẹ jẹ̀bi, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fojú yín wo ohun tó fọ́ náà, kódà bí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Èmi kò wò ó. Ohun tó ná mi ní gbogbo ayé mi nìyẹn.

Wọ́n ṣe ojú náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga ilé ìwòsàn nígbà tí nọ́ọ̀sì ń tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Gàníyù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo fèrèsé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo èjìká mi tó ti tẹ̀, ó wo irun mi, ó wò mí pẹ́.

Ó ní, "Sùlé, o mà ti darúgbó."

Mo ní, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni?"

Mo mú fìlà mi, mo jáde lọ wá zẹ́mí.